Jẹun Kí O Tó Ya Fọ́tò

     

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ kámẹ́rà sì ni pẹ̀lú. Ẹni tó bá ń wí pé kí ló kan rédíò nínú ọ̀rọ̀ fọ́tò, kó fara balẹ̀ gbọ́ mi tán ná.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé kámẹ́rà tàbí fóònù wọ kọ̀rọ̀ àwọn ìlú ńlá, tí wọ́n ń wá ilé oúnjẹ tí kò ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọdún 2017, Anthony Bourdain, ọmọ Amẹ́ríkà tó fi ìrìn-àjò àti oúnjẹ ṣe iṣẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, kó àwọn oníkámẹ́rà rẹ̀ wá sí Èkó kí gbogbo ayé lè rí bí àwọn ará Èkó ṣe ń jẹ àti bí wọ́n ṣe ń mu. Ní Ìbàdàn, àwọn ọ̀dọ́ máa ń ti ìlú mìíràn wá sí Bódìjà kí wọ́n lè jẹ àmàlà, kí wọ́n sì fi fóònù gbé e jáde bó ṣe ń rú èéfín lójú abọ́. Bí a bá dé Kútọnu nílẹ̀ Benin wa níbí, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ta wá ló ń gbé kámẹ́rà wá sí Savalou nítorí oúnjẹ? Ta ló ń yà ní Bantè kó lè wo ọwọ́ ẹni tó gún iyán tó jẹ? Gbogbo ọkọ̀ tó ń ti Kútọnu lọ sí Djougou àti Natitingou lórí ọ̀nà RNIE 3 ló ń gba àárín ìlú wa méjèèjì yìí kọjá. Wọ́n ń dúró, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń nu ẹnu, wọ́n ń bá tiwọn lọ. Òkè tó wà níwájú ni wọ́n fẹ́ lọ yà. Iyán tó gbé wọn débẹ̀ kò sí nínú fọ́tò kankan.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Ó yẹ kí kámẹ́rà wọ ilé oúnjẹ wa. Ṣùgbọ́n kó wọlé bí oníbàárà: kó jẹun, kó sanwó, kó gba àṣẹ, kí fọ́tò tó bá sì yà padà dé ọwọ́ ẹni tó dáná.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa léèrè: kí ló dé tó jẹ́ pé kọ̀rọ̀ ni oúnjẹ tó dára máa ń wà? Ìdí àkọ́kọ́ ni pé ilé ni ìyá olóúnjẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń dáná fún ọkọ àti ọmọ, aládùúgbò kan tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ní kó máa bu tòun mọ́ ọn, òun á máa sanwó. Ààrò kan di méjì, bẹ́ńṣì kan di mẹ́ta, ọ̀dẹ̀dẹ̀ di ilé oúnjẹ. Kí ló fẹ́ fi pátákó ṣe? Àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ mọ ilé rẹ̀, wọ́n mọ orúkọ ọmọ rẹ̀, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí kì í dáná.

Ìdí kejì ni owó. Ilẹ̀ etí títì wọ́n, ẹni tó ń ta oúnjẹ fún òṣìṣẹ́ àti ọlọ́kadà kò sì lè rí owó ìsọ̀ ńlá san lórí iyán tí wọ́n ń rà díẹ̀díẹ̀.

Ìdí kẹta, ìjọba wà nínú ẹ̀. Ẹ ó rántí oṣù kìíní ọdún 2017, nígbà tí ìjọba wó àwọn àtíbàbà àti ìsọ̀ etí títì ní Kútọnu àti láwọn ìlú ńlá mìíràn nílẹ̀ wa, tí wọ́n ní àwọn ń gba ilẹ̀ gbogbo ènìyàn padà. Ọ̀pọ̀ olóúnjẹ kó ìkòkò wọn, wọ́n gbé e wọ inú von, ìyẹn àwọn òpópónà tóóró inú àdúgbò tí ará Kútọnu kì í fi ibòmíràn júwe ilé. Àwọn oníbàárà tọ ipasẹ̀ wọn. Nínú àwọn von yẹn, ẹ ó bá àwọn obìnrin tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ. Odó tí wọ́n ń gún níbẹ̀, láti ilẹ̀ olókè wa yìí ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ilé oúnjẹ kọ̀rọ̀, etí àti ojú ni yóò fi wá a. Níbi tí ọ̀kadà zémìjàn bá ti tò sí ẹnu ọ̀nà ní ọ̀sán gangan, tí ẹni tó gùn ún kò sì sí lórí ẹ̀, oúnjẹ wà nítòsí. Níbi tí awakọ̀ ọkọ̀ àjàgbé bá ti yà kúrò lójú títì láìjẹ́ pé ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́, ẹ tẹ̀lé e. Bí ẹ bá rí ewé tíìkì tí wọ́n tò jọ sí ẹnu ilẹ̀kùn ilé kan ní àárọ̀, ẹ mọ̀ pé ìrẹsì àti ẹ̀wà ń bẹ níná, ìyẹn atassi, ewé yẹn ni wọ́n á sì fi dì í fún yín. Bí ẹ bá sì gbọ́ odó, ẹ má bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Savalou. Ìlú àwọn Mahi ni, ìlú ọba Gbaguidi, ṣùgbọ́n àwa Yorùbá kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Mahi, Ìfẹ̀, Ìṣà àti Ìdáàṣà ti ń ná ọjà kan náà, tí wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ lọ́dọọdún, ọdún iṣu tuntun ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú máa ń ti Kútọnu àti òkè òkun wálé. Lọ́jọ́ náà, kámẹ́rà máa ń pọ̀ bí eṣú, gbogbo wọn á dojú kọ ọba, àwọn ìjòyè, àwọn oníjó àti àwọn èèyàn pàtàkì tó ti olú ìlú wá. Kò burú, ọdún ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kẹ̀yìn sí pápá ọdún, tó gba ọ̀nà ẹsẹ̀ wọ inú àdúgbò Attakè tàbí Aga, ni yóò rí ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ń ṣọdún.

Laboko ni iṣu tó máa ń ṣíwájú. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹjọ ni àgbẹ̀ ń wà á ní ìgbà àkọ́kọ́. Yóò rọra tú ebè, yóò gé iṣu kúrò lára igi rẹ̀, yóò da erùpẹ̀ bo gbòǹgbò padà kó lè ta àwọn iṣu kéékèèké tí yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ wo bí ọgbọ́n àgbẹ̀ ti pọ̀ tó nínú abọ́ iyán kan. Laboko funfun, ó ń fà, kì í ní kókó bó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n gún. Ọbẹ̀ ẹ̀pà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, tàbí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, tàbí ọbẹ̀ yánmọtí tí àwọn tó ti oko bọ̀ fẹ́ràn jù. Irú igi igbá ló ń ta sánsán nínú ọbẹ̀ yẹn. Àwọn Mahi ń pe tiwọn ní afitin, a ń pe tiwa ní irú, àwọn Bààrùbá sì ń pe tiwọn ní sonru. Ọwọ́ yàtọ̀ sí ọwọ́, gbogbo wọn ló sì dùn.

Gàrí Savalou náà ńkọ́? Kò sí ibi tí wọn kò ti mọ gàrí Sohoui ní ilẹ̀ Benin. Ó kúnná, ó gbẹ, ó ń dún lẹ́nu bí a bá ń jẹ ẹ́, ó sì kan díẹ̀ bí gàrí gidi ṣe ń kan. Ẹni tó fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró sí ọjà. Kó lọ sí ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ti ń yan án, níbi tí àwọn obìnrin ti ń bó ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń rin ín, tí wọ́n ń fi í sínú àpò kó kan, tí wọ́n ń gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro dànù, tí wọ́n ń jọ̀ ọ́, kó tó di pé ó dé inú agbada. Ẹni tó ń yan gàrí kò lè kúrò nídìí iná. Àfọ́kù igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi í tì, ó ń fi í fà, nítorí bó bá fi ojú kúrò díẹ̀, gàrí á jó. Kámẹ́rà tó ya àpò gàrí, ọjà ló yà. Èyí tó ya ọwọ́ tó mú àfọ́kù igbá yẹn, iṣẹ́ ló yà, iṣẹ́ ni a sì ń sanwó rẹ̀.

Bí ẹ bá jẹun tán ní Savalou, ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ti ń ta tchakpalo. Ọkà bàbà tàbí àgbàdo ni wọ́n rẹ títí ó fi hù, tí wọ́n sá, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sè, tí wọ́n sì sẹ́. Inú igbá ni wọ́n ti ń mu ún, lábẹ́ igi, pẹ̀lú àríyànjiyàn tí kì í parí.

Ẹ jẹ́ ká gòkè sí Bantè, ilẹ̀ àwọn Ìṣà. Òwe wa sọ pé iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn. Ní Bantè, méjèèjì ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Iṣu kókóró ni wọ́n fi ń ṣe gbodo. Wọ́n á bẹ ẹ́, wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná tí kò hó, wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n á wá sá a sóòrùn. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ ó rí i lórí àpáta, lórí ẹní, lórí páànù, káàkiri abúlé. Bó bá gbẹ, tó ń dún kókó bí wọ́n bá fi kan ara wọn, wọ́n á lọ̀ ọ́ di èlùbọ́. Òun ni àwọn ará Savalou àti Abomey ń pè ní télibo. Ẹni tó bá fẹ́ fi kámẹ́rà sọ ìtàn ọkà, kó wá ní ìgbà ọyẹ́, nítorí lójú abọ́ nìkan, ìdajì ìtàn náà ni yóò rí.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ọkà yẹn, wàrà á wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin Fúlàní ló ń ṣe é. Omi ewé bomubomu ni wọ́n ń fi mú wàrà dì, omi pòròporo ọkà bàbà ni wọ́n sì ń sè é mọ́ kó lè pọ́n, kó sì lè pẹ́ lọ́jà. Obìnrin Fúlàní gbé e wá lórí, obìnrin Ìṣà dín in sínú ọbẹ̀, awakọ̀ tó ń lọ sí Djougou jẹ ẹ́. Nígbà tí oṣù kejì bá wọlé, tí kajú bẹ̀rẹ̀ sí í já, àwọn tó ń ra kajú á tún kún ìlú. Láti àárọ̀ kùtù ni bẹ́ńṣì ti máa ń kún nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ ọ̀kan nínú àwọn ilé oúnjẹ yìí, lẹ́yìn títì ní Bantè. Páànù ni wọ́n fi bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, garawa omi ìfọwọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọṣẹ. Obìnrin mẹ́ta dúró yí odó kan ká, olúkúlùkù pẹ̀lú ọmọ odó tirẹ̀. Ti ẹni àkọ́kọ́ ń balẹ̀, ti ẹnì kejì ń gòkè, ti ẹnì kẹta wà lágbedeméjì. Kò sẹ́ni tó ń ka iye, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá lọ́wọ́ kan náà. Ìyá tó ni ilé jókòó sórí àpótí, abọ́ omi tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ odó kan ṣe ń gòkè, ọwọ́ ìyá ti wọlé, ó ti ká iyán láti etí odó, ó ti yí i padà, ó ti jáde kí èkejì tó balẹ̀. Kò wo odó nígbà tó ń ṣe é. Oníbàárà tó wọlé ló ń wò.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé, kámẹ́rà wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá."

"Oò, ọmọ mi, káàbọ̀. Ti èló ni kí n bù fún ọ?"

Ó sọ iye tó fẹ́ jẹ, ó fọwọ́, ó jókòó, ó jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ìyá, iyán yín mà dára o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè jẹ́ kí n yà yín bí ẹ ṣe ń yí i yẹn?"

Ìyá bojú wo ara rẹ̀. "Èmi? Pẹ̀lú aṣọ yìí? Dúró ná, jẹ́ kí n lọ wé gèlè."

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn tó ń fi kámẹ́rà wá kọ̀rọ̀ ìlú kiri, èéfín ni wọ́n fẹ́, òógùn ni wọ́n fẹ́, aṣọ tó ti gbó ni wọ́n fẹ́. Wọ́n ní òun ló jẹ́ òtítọ́. Bí ìyá bá ní òun fẹ́ wé gèlè, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ní, "Ẹ má ṣèyọnu, ìyá, bẹ́ẹ̀ yẹn ló dára." Mo ní ìyá ló jàre.

Ẹ wo ìtàn fọ́tò láàárín àwa Yorùbá. Ní ọdún 1978, Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ti bá àwọn oníṣẹ́ fọ́tò rìn ní Ìlá Ọ̀ràngún, kọ̀wé lórí bí Yorùbá ṣe ń ya fọ́tò. Ó rí i pé ẹni tí wọ́n ń yà máa ń jókòó gbọnrangandan, á kọjú sí kámẹ́rà, á gbé ọwọ́ lé itan, á wọ aṣọ tó fi ipò rẹ̀ hàn. Ní Porto-Novo níhìn-ín, Joseph Moïse Agbodjélou, tí wọ́n bí ní 1912, fi ọ̀pọ̀ ọdún ya àwọn èèyàn tó múra wá. Fọ́tò nílẹ̀ wa jẹ́ ohun tí èèyàn ń fi sílẹ̀ fún ọmọ. Tí ìyá bá kú, fọ́tò yẹn ni wọ́n á gbé síta lọ́jọ́ ìsìnkú. Ẹni tó wá gba fọ́tò ìyá nínú èéfín, tó gbé e lọ láìjẹ́ kó wé gèlè, ó mú nǹkan lára rẹ̀ lọ láìdá ohunkóhun padà.

Báwo ni a ṣe máa ṣe é? Ẹ ya méjì. Àkọ́kọ́, ẹ ya èyí tí ìyá fẹ́: gèlè, ìró, ọwọ́ lórí itan, ojú síwájú. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó padà sídìí odó, kí ẹ ya iṣẹ́ rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀ pé fọ́tò tòun ti wà, kò ní bìkítà fún òógùn mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ á sì jáde bó ṣe máa ń rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó jẹ́ fóònù nìkan lẹ ní. Fóònù tó. Ẹ má lo fíláàṣì. Yóò sọ epo ọbẹ̀ di dídán, yóò sì tàn sí àwọn tó ń jẹun lójú. Ẹ dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà ti ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Ooru iyán máa ń bo ojú kámẹ́rà, ẹ mú aṣọ mímọ́ dání, kí ẹ máa nù ún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí kámẹ́rà lè wà níbi tí ojú ẹni tó jókòó wà, nítorí ẹni tó ń yàwòrán látòkè, ó ń wo èèyàn mọ́lẹ̀ ni. Ẹ má fi ìka sún àwòrán mọ́ra lójú fóònù. Ẹsẹ̀ yín ni kí ẹ fi sún mọ́ ohun tí ẹ ń yà. Ẹ má sì ní kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró nítorí yín. Oníbàárà ń dúró, ebi sì ń pa á.

Ẹ gba ohùn náà sílẹ̀. Mo sọ eléyìí nítorí pé rédíò ni iṣẹ́ mi. Òórùn irú kò lè wọ inú fóònù, ṣùgbọ́n ìró odó lè wọ ọ́. Ní Tógò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, Logou Minsob ti ṣe ẹ̀rọ kan tó ń gún iyán, Foufoumix ni wọ́n ń pè é. N kò bá ẹ̀rọ jà. Èjìká ń ro àwọn obìnrin wa, ẹni tó bá rí ìrọ̀rùn kó gbà á. Ṣùgbọ́n bí odó bá máa sinmi lọ́jọ́ kan, ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé a ti gba ohùn rẹ̀ pa mọ́. Kí ẹ sì bi ìyá léèrè, lédè Ìṣà tàbí lédè Ìfẹ̀, pé kí ni wọ́n ń pe oúnjẹ yìí, irú iṣu wo ni, oṣù wo ni wọ́n ń jẹ ẹ́, ta ló kọ́ ọ ní ọbẹ̀ yẹn. Fọ́tò tí kò ní ọ̀rọ̀ lábẹ́, láàárín ọdún mélòó kan, kò sẹ́ni tí yóò mọ ohun tó wà nínú abọ́.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ńkọ́? Ẹni tó bá dé ojúbọ Dankoli nítòsí Savalou, níbi tí àwọn èèyàn ti ń fi epo àti ọtí sodabi tọrọ nǹkan, kì í kàn ṣàdédé yọ kámẹ́rà. Á bèèrè kí wọ́n má baà lé e. Kí ló dé tí a kì í bèèrè nílé ìdáná? Òfin wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, tí wọ́n ń pè ní Code du numérique, ní apá tó dá lórí ààbò ìsọfúnni ara ẹni, ilé iṣẹ́ APDP ló sì ń bójú tó o. Ojú èèyàn wà lára ìsọfúnni ara rẹ̀. Àwọn tó ń jẹun náà ní ojú. Ọkùnrin tó sọ nílé pé òun wà lóko lè má fẹ́ kí gbogbo ayé rí òun nídìí tchakpalo. Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè.

Àwọn kan á ní oúnjẹ ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe nǹkan ńlá tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ayé. Ní 2005, ìjọba Bràsíl kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin Bahia tó ń ta acarajé lójú pópó sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè. Àkàrà wa ni, tí àwọn ará wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé dé ọ̀hún. Pierre Verger, ọmọ Faransé tó dé Salvador ní 1946, tó sì di babaláwo Fátúmbí ní Kétu ní 1953, ya àwọn òpópónà Bahia àti ti ilẹ̀ wa níbí, fọ́tò rẹ̀ sì ń fi hàn di òní bí ìhà méjèèjì ṣe jọ ara wọn. Ní 2020, UNESCO gba àwọn olóúnjẹ ìta ní Singapore sínú ìwé ogún aráyé. Ní 2021, ó kan ceebu jën ti Sẹ̀nẹ̀gàl, ìrẹsì àti ẹja.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ kí UNESCO gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀, fọ́tò mẹ́wàá ni yóò fi sínú ìwé ìbéèrè rẹ̀, pẹ̀lú fídíò, yóò sì fi ẹ̀rí hàn pé àwọn tó ni iṣẹ́ náà mọ̀ sí i, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Kámẹ́rà àti àṣẹ, àwọn méjèèjì ni wọ́n ń béèrè. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nítorí iyán ilẹ̀ wa lọ́la, níbo ló ti fẹ́ rí fọ́tò mẹ́wàá? Fọ́tò ọba lọ́jọ́ ọdún á pọ̀ nílẹ̀. Ti ọwọ́ ìyá nínú odó, ta ló ní in?

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn á fi fídíò ilé oúnjẹ kan gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó dáná kò ní gbọ́ nǹkan kan. Òwe ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ìyá ti ná owó sórí ọbẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọbẹ̀ yẹn ṣòwò, kó má gbàgbé ìyá. Mo sì bẹ yín, ẹ má yọ àbùkù ilé oníṣẹ́ síta. Bí ẹ bá rí i pé omi ìfọwọ́ kò mọ́, ẹ pe ìyá sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sọ fún un pẹ̀lẹ́. Ẹni tó gbà yín sílé rẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tí ẹ ó fi ṣẹ̀fẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin náà gbọ́ tiyín. Bí ọmọ kan bá wá tó fẹ́ ya fọ́tò, ẹ má tètè lé e. Ẹ bi í léèrè ọmọ ta ni, kí ló fẹ́ fi ṣe, ìgbà wo ni yóò mú tiyín wá. Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní kó gbé kámẹ́rà sínú àpò. Ẹ̀tọ́ yín ni. Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ wé gèlè yín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Savalou àti Bantè, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé àti ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ fún ọdún iṣu ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, iṣẹ́ kan ni mo fi rán yín. Bí ẹ bá ti ya ọba tán, ẹ yà sí kọ̀rọ̀. Ẹ wá ìyá tí ẹ ti ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ láti kékeré. Ẹ jẹun, ẹ sanwó, ẹ tọrọ àṣẹ. Ẹ ya òun, ẹ ya iṣẹ́ rẹ̀, ẹ kọ orúkọ oúnjẹ náà sílẹ̀ bó ṣe pè é. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ tẹ fọ́tò náà sórí bébà, kí ẹ gbé e lọ fún un kí ẹ tó padà sí Kútọnu. Ẹni tí kò bá ní mú fọ́tò padà wá, kó má yà á.